Ẹ̀bùn Kẹta Froebel: Ohun Tí Ọwọ́ Lè Kọ́ni àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Pẹlẹbẹ ni ìwé. Ohun tí ó ní gígùn, ìbú àti gíga kò lè wọ inú rẹ̀ láìyí padà. Nínú àwòrán kúbù, ojú kan dọ́gba, àwọn yòókù a wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó bá ní wọn kò dọ́gba kò purọ́, ohun tí ó rí ni ó sọ.

Friedrich Froebel, ọmọ Jámánì tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní ọdún 1837, wá ojútùú sí irú ìṣòro yìí pẹ̀lú àwọn ohun ìṣeré tí ó pè ní ẹ̀bùn. Ẹ̀kẹta nínú wọn jẹ́ kúbù onígi tí a pín sí kúbù kéékèèké 8.

Ìwúlò rẹ̀ kò fara sin. Bí a bá bi ọmọ pé kúbù kékeré mélòó ni yóò kún kúbù tí etí rẹ̀ gùn ní ìlọ́po méjì, ó lè dáhùn pé 2. Bí ó bá tò wọ́n jọ fúnra rẹ̀, yóò rí i pé 8 ni, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ lápapọ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po 4 péré.

Àléébù rẹ̀ ni pé igi dí. Ìlà tí ó la àárín kúbù já láti igun kan dé igun tí ó kọjú sí i pamọ́ sínú rẹ̀. Bí a bá fi igi tínínrín ṣe egungun kúbù, ìlà náà yóò hàn, igun 8 àti etí 12 yóò sì ṣeé kà, ṣùgbọ́n ojú 6 yóò di àlàfo. Páálí tí a ká ni ó ń fi ojú hàn. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Fún ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, èrè mìíràn wà níbẹ̀. Etí tí a fi ń gbọ́ràn nìkan ni ó lè mọ̀. Nígbà tí ìka rẹ̀ bá tọ etí kúbù lọ dé igun, etí odò àti etí aṣọ yóò yé e pẹ̀lú.

Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá fi kúbù lé ọmọ lọ́wọ́ láìbéèrè nǹkan kan, eré lásán ni yóò jẹ́. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rò, kí ó tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e kúrò níwájú rẹ̀, kí ó yà á, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu. Ìmọ̀ tí kò kúrò ní ọwọ́ kò tíì dé orí.