Afẹ́fẹ́ Ni Mo Ń Ṣọ́

Ẹni tó bá rí ààrò tí mo fi ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé wa ní Atlanta, àwọ̀ ewé tó ń dán lára rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yìn. Àwọ̀ kọ́ ni mo rà. Amọ̀ tó nípọn lábẹ́ rẹ̀ ni mo sanwó fún, òun ló sì jẹ́ kó wọ́n tó bó ṣe wọ́n.

Kamado ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ló ti wá. Àwọn sójà Amẹ́ríkà rí i lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó wù wọ́n, wọ́n sì gbé e wálé. Ní 1974, Ed Fisher ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Atlanta níbí, ó ń tà á, ibẹ̀ ni Big Green Egg ti bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ ìgbà yẹn tètè ń sán. Séràmíìkì tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ là ń lò báyìí.

Ẹni tó mọ àdògán á rò pé òun ti mọ èyí náà. Àdògán ò ní ìdérí. Níbí, ìdérí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú dúrọ́ọ̀mù onírin, ooru ń gba ara irin sá lọ, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa kọjá níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbẹ omi ara ẹran. Amọ̀ ní tirẹ̀ di ooru mú. Èédú díẹ̀ á tó o, afẹ́fẹ́ tín-ín-rín á tó o, ẹran á sì jinná láìgbẹ.

Ihò méjì ló ní, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí ìdérí, iṣẹ́ tèmi ò sì ju kí n máa ṣọ́ wọn. Fún igẹ̀ màlúù, 225 sí 250°F ni mo ń wá, ìyẹn bíi 107 sí 121°C. Bí tẹmómítà bá ti ń sún mọ́ 190°F, mo ti ń dín ihò kù, títí tí ìsàlẹ̀ ò fi ní tó ìbú ìka. Ẹni tó bá dúró kó dé 250 kó tó pa ihò ti pẹ́ jù: amọ̀ tó ti gbóná kọjá ààlà kì í tutù bọ̀rọ̀.

Èéfín funfun tó ń ta ojú ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Mi ò jẹ́ gbé ẹran lé e nígbà yẹn, kíkorò ló máa ń korò. Ó di ìgbà tí èéfín bá fẹ́lẹ́, tó kù díẹ̀ kí ojú má rí i mọ́. Igi pecan pọ̀ ní Georgia, òun ni mo ń fi sáàárín èédú, torí òórùn rẹ̀ rọlẹ̀ ju ti hickory lọ.

Tí inú ẹran bá gbóná tó bíi 160°F, tẹmómítà á dúró gbagidi. Wákàtí á máa lọ, kò ní yẹ̀. Omi tó ń fẹ́ kúrò lára ẹran ló ń tù ú, bí òógùn ṣe ń tu ara èèyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣí ihò gbayawu. Ẹ fi ẹran sílẹ̀ ńbẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá kọjá 200°F díẹ̀, gbogbo okùn líle inú ẹran á ti yọ́.

Ẹ má fi kẹrosíìnì tan iná rẹ̀ o! Amọ̀ á mu ún, ẹran ọjọ́ mìíràn ló máa gbé òórùn rẹ̀. Èédú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ náà ò dáa fún un. Eérú rẹ̀ ń dí ihò. Bí ihò bá sì ti há fún ìgbà pípẹ́, òùngbẹ afẹ́fẹ́ ń gbẹ iná inú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìdérí lójijì, iná á bù sí i lójú. Mo máa ń gbé e sókè díẹ̀ ná, kí afẹ́fẹ́ rọra wọlé.

Ìtọ́jú rẹ̀ lòdì sí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé ìdáná: ọṣẹ àti omi ò gbọ́dọ̀ dé inú rẹ̀. Iná ló ń fọ̀ ọ́. Bí mo bá sun ẹran tán, mo máa ń pa ihò méjèèjì, èédú á kú, yóò sì kù fún ọjọ́ mìíràn. Aṣọ tó nípọn tó yí ẹnu rẹ̀ ká máa ń jó bó bá pẹ́. Mo ń fi bébà há ìdérí láti mọ̀: bí bébà bá yọ wẹ́rẹ́, aṣọ tuntun ló kàn. Ọ̀já irin tó di ìdérí mú náà ń dẹ̀ nítorí ooru, ẹ máa fi sípánà fún un, torí ìdérí tó bá já lu sìmẹ́ńtì, wẹ́wẹ́ lẹ máa ṣà á. Àgbá amọ̀ tó gba èédú sínú lè sán, àwọn kan á sì ní kí ẹ ra òmíràn kíá. Èmi ò rí ìdí rẹ̀ bí kò bá tíì tú. Inú ìkòkò ló wà, kò síbi tó ń lọ.

Mo ń yan ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀gúsí, mo ń sun ejìká ewúrẹ́. Súyà nìkan ni mi ò gbé débẹ̀, bó ti wù káwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀ mí tó. Ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n gún mọ́ igi, iná gbangba ló fẹ́, kí ẹni tó ń sun ún máa yí i, kó tètè kúrò níbẹ̀. Irin tí mo fi ń sun súyà, owó kékeré ni mo rà á, ó sì ń ṣe é ju Kamado lọ.