Ìgbékalẹ̀ Ìṣèlú àti Ìdàgbàsókè Ọrọ̀-Ajé: Àgbéyẹ̀wò Èrò inú Why Nations Fail nípasẹ̀ Ìtàn Kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe awuyewuye lórí ohun tí ó mú kí orílẹ̀-èdè kan là, kí òmíràn sì wà nínú òṣì. Àwọn kan ní ojú ọjọ́ ni. Àwọn mìíràn dẹ́bi fún àṣà. Nínú ìwé Why Nations Fail tí ó jáde ní ọdún 2012, Daron Acemoglu àti James Robinson ta ko èrò méjèèjì. Lójú tiwọn, ìgbékalẹ̀ ìṣèlú àti ti ọrọ̀-ajé ni òpómúléró. Ní ọdún 2024, àwọn àti Simon Johnson jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwádìí lórí kókó yìí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi ìtàn kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dán èrò wọn wò. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé owó kòkó wà lára ohun tí a fi gbé ilé-ẹ̀kọ́ wa ró.

Ohun tí Ìwé náà Sọ

Oríṣi ìgbékalẹ̀ méjì ni àwọn òǹkọ̀wé náà tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni ìgbékalẹ̀ agbanimọ́ra, èyí tí ó ń dáàbò bo ohun ìní gbogbo ènìyàn, tí ó sì ń fún tolówó tòtòṣì láǹfààní láti ṣòwò. Èkejì ni ìgbékalẹ̀ arẹ́nijẹ, níbi tí àwọn díẹ̀ ti ń kó èrè iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ sápò. Wọ́n fi Botswana, tí ó gba òmìnira ní ọdún 1966, ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Níbẹ̀, ará ìlú lè bi olóyè léèrè ọ̀rọ̀ ní ìpàdé gbogbogbòò tí wọ́n ń pè ní kgotla. Òfin ọdún 1967 sì sọ ohun àlùmọ́ọ́nì di ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀, kì í ṣe ti ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ ibi tí a ti wà á. Ní Sierra Leone ẹ̀wẹ̀, Siaka Stevens jogún àjọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ láti máa ra irè oko, ó sì ń fi í gba èyí tí ó pọ̀ nínú èrè àgbẹ̀.

Ibi tí Èrò náà ti Bá Tiwa Mu

Ní ọdún 1947 ni ìjọba amúnisìn dá Àjọ Alábòójútó Títa Kòkó sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Nígbà tí ó di ọdún 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní àjọ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ó wà fún ni kí iye owó kòkó má baà máa lọ sókè sódò. Àjọ yìí nìkan ni ó ní àṣẹ láti ta kòkó sí òkè òkun. Àwọn aṣojú tí ó fún ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, ní iye tí àjọ bá ti là sílẹ̀. Nígbà tí kòkó bá gbówó lórí ní ọjà àgbáyé, àlékún owó náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi àdá ṣán igbó. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ìwé náà wọ̀n ọ́n, ìgbékalẹ̀ arẹ́nijẹ ni èyí.

Ibi tí Èrò náà Kù Sí

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó tí ó ti ara kòkó wá wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìgbékalẹ̀ kan náà tí ó gba owó lọ́wọ́ bàbá ni ó fi ọmọ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́. Abẹ́ èwo ni kí a tò ó sí? Lóòótọ́, àwọn òǹkọ̀wé náà gbà pé ìdàgbàsókè lè wáyé lábẹ́ ìgbékalẹ̀ arẹ́nijẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í tọ́jọ́. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ náà kọ́ tọ́jọ́. Ohun tí kò tọ́jọ́ ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí àgbẹ̀ ní nínú ìjọba.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Agbára tí ó jẹ́ kí ìjọba lè fi owó àgbẹ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó jẹ́ kí owó yìí lè gba ibòmíràn lọ. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ G. B. A. Coker darí sọ pé owó àjọ náà dé ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ní òṣèlú wà nínú ìwádìí náà fúnra rẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ kò yí padà: kọ́kọ́rọ́ àpótí kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 1968 sí 1969, Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí, ìyọlẹ́nu àwọn agbowó-orí àti owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń san lórí kòkó. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí kù. Ní ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ tú àwọn àjọ náà ká.

Àléébù kejì ni pé orí ìjọba ni ojú ìwé náà wà jù. Kì í ṣe ìjọba ni ó mú kòkó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. J. K. Coker àti àwọn ọmọ Ìjọ African Church wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìn ín ní Agége, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n ti ibẹ̀ padà sílé ni wọ́n gbé ìmọ̀ náà dé oko baba wọn. Ìjọ, ẹbí, àáró àti èésú jẹ́ ìgbékalẹ̀ àwùjọ tí ó ń mú ọrọ̀-ajé rìn. A kò gbọdọ̀ kan sáárá sí wọn láìwẹ̀yìn, nítorí pé ìwọ̀fà náà ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó wọ̀nyí.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Èrò wa ni pé kì í ṣe orúkọ tí a pe ìgbékalẹ̀ kan ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, bí kò ṣe ìbéèrè mẹ́ta: ta ní ń dá iye owó, ta ní ń rí ìwé ìṣirò, ta sì ni ó lè yọ aṣebi kúrò nípò? Botswana ní ìdáhùn díẹ̀ sí wọn. Àgbẹ̀ kòkó wa kò ní. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ ọmọ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, kí ó fi kún un pé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹnìkan san án, wọn kò sì bi í léèrè.