Ọ̀rọ̀ Ẹnu Aránṣọ: Kúílìtì Harriet Powers àti Ẹ̀kú Egúngún Nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Bí onímọ̀ bá rí aṣọ méjì tí ó jọra ní òdìkejì òkun, kíá ni ó máa ń fẹ́ pè wọ́n ní ọmọ ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí lórí kúílìtì, aṣọ ìbora tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ègé aṣọ rán pọ̀. Nínú Flash of the Spirit (1983), Robert Farris Thompson so kúílìtì àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́ aṣọ híhun àwọn Mande. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà Abomey lọ.

Harriet Powers ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí ti Abomey. Inú oko ẹrú ní Georgia ni a bí i sí ní 1837. Kúílìtì rẹ̀ kan wà ní National Museum of American History ní Washington, èkejì wà ní Museum of Fine Arts ní Boston. Àwọn àwòrán ènìyàn àti ẹranko tí ó gé lára aṣọ tí ó sì rán mọ́ ojú aṣọ mìíràn jọ iṣẹ́ àwọn aránṣọ ọba Dahomey. Ìjọra náà kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ló rí i; Powers kò sọ ọ́.

A sì mọ ohun tí ó sọ. Jennie Smith, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, rí kúílìtì àkọ́kọ́ níbi ìpàtẹ òwú ní Athens ní 1886, Powers kò tà á fún un. Ní 1891, àìní mú kí ó tà á ní dọ́là 5 péré. Smith kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìtàn Bíbélì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lórí èkejì, Jóbù àti Jónà wà, alẹ́ tí ìràwọ̀ já bọ́ ní 1833 náà sì wà, ọdún mẹ́rin kí a tó bí Powers. Àtẹnudẹ́nu ló rán mọ́ aṣọ! Ibí yìí gan-an ló yẹ kí onímọ̀ Yorùbá tẹjú mọ́, ju bí a ṣe gé ẹsẹ̀ ẹranko lọ.

Ẹ̀kú egúngún tí Brooklyn Museum ṣàfihàn ní 2019 ní aṣọ tí ó lé ní 300, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Ìwádìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilé Lékewọgbẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, orúkọ ilé ni èyí. Ta ló mú aṣọ wo wá, nítorí kí sì ni? Ẹ̀kú tí ìdílé ń fi aṣọ kún lọ́dọọdún kò yàtọ̀ sí ìwé tí a ń kọ lọ láìdáwọ́ dúró. Ìwọ̀n àti irú òwú rẹ̀ nìkan kò lè kà á fún wa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ Smith kò nílò ìwé ìrìnnà. Ní Òrè àti Odígbó, lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Benin, ègé àǹkárá aṣọ ẹbí ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá aránṣọ lè sọ òkú tí wọ́n fi èyí sin, àti ìyàwó tí wọ́n fi tọ̀hún gbé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kì í sínú ìrọ̀rí.