Etí Ni Wọ́n Fi Ń Kọ́kọ́ Rí Àgbìgbò

Àlejò tó wọ igbó Òkómù ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó láti wo àgbìgbò, orí igi ló máa ń tẹjú mọ́ títí ọrùn yóò fi máa dùn ún. Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò, etí ló fi ń ṣọ́ òkè. Bó bá ti gbọ́ fùù, fùù, bí ẹni ń fẹ abẹ̀bẹ̀ ńlá, yóò gbọ́wọ́ sókè kí àlejò pa ẹnu mọ́. Ìyẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀: abẹ́ apá àgbìgbò kò ní ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tí ì bá bo ìdí àwọn ìyẹ́ gígùn, atẹ́gùn sì ń gba àárín wọn kọjá.

Àlàfo kékeré tó wà láàárín ewé kì í jẹ́ kéèyàn rí ẹyẹ náà pẹ́. Àgógó ńlá ló ń fa ojú àlejò, ṣùgbọ́n èwo nínú oríṣi àgbìgbò ni kò ní in? Ìrù ni afinimọ̀nà ń wò. Bí ẹyẹ náà bá tóbi, tí ìrù rẹ̀ dúdú, tí funfun sì wà létí rẹ̀ nìkan, Ceratogymna atrata ni, tó wà láti Lìbéríà títí dé Àǹgólà. Bí ìrù bá funfun, tí ìyẹ́ dúdú sì wà láàárín, Ceratogymna elata ni. Èyí tó kéré, tí ikùn rẹ̀ funfun, tó ń fapá díẹ̀ tó tún ń rọra lọ sílẹ̀, àtíòro nìyẹn.

Bí ẹyẹ náà bá bà, a ó wo orí rẹ̀. Orí akọ atrata dúdú, ògbe orí àgógó rẹ̀ sì ga. Orí àti ọrùn abo pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ṣùgbọ́n igi ni olórí ìmọ̀. Ẹni tó rí akòmu tí èso rẹ̀ ti là, tí pupa inú rẹ̀ ti yọ, kò ní wá ẹyẹ kiri mọ́; yóò jókòó dè é ni. Bí akọ kan bá sì ń dá lọ dá bọ̀ sí igi kan náà, ó ṣeé ṣe kí abo wà nínú ihò rẹ̀. Abo á dí ẹnu ihò mọ́ ara rẹ̀, á ku àlàfo tóóró tí akọ ń gbà bọ́ ọ. Níbi báyìí ni ọgbọ́n afinimọ̀nà ti ń hàn: kíá ni yóò kó àlejò kúrò, torí akọ tó bá fura kì í fẹ́ sún mọ́ ihò, ebi sì lè pa àwọn tó wà nínú. Àlejò lè máa ráhùn pé òun kò tíì ya fọ́tò tán. Kó máa ráhùn.