Ta ló fi Oyènúsì jẹ Dókítà?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ o. Ní 1977, Eddie Ugbomah ṣe fíìmù kan, The Rise and Fall of Dr. Oyenusi. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Oyènúsì. Ìṣọ̀lá Oyènúsì kì í ṣe dókítà rárá, adigunjalè ni. Ní 1971, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ da ọkọ̀ iléeṣẹ́ WAHUM lọ́nà ní Ìkẹjà, wọ́n pa ọlọ́pàá kan. Wọ́n dájọ́ ikú fún wọn, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní Bar Beach lọ́jọ́ 8, oṣù kẹsàn-án.

Àbùkù fíìmù náà, láti orí àkọlé rẹ̀ ni. Oyè ni Dókítà, oyè a sì máa buyì kúnni. Mo bi àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Industrial Estate Ìkòròdú: gbogbo wọn mọ "Dókítà", kò sẹ́ni tó mọ ọlọ́pàá yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tún fíìmù yìí ṣe, kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ olóògbé náà.