Bí Angular Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Kò Yẹ Kó Wá Dé

Ẹni tó ń fi Angular ṣiṣẹ́ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ to irinṣẹ́ tí component rẹ̀ nílò. Á kàn kọ ọ́ sínú constructor pé `HttpClient` lòun fẹ́, á sì bá a nílẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ lò ó. Ohun tó ń lọ láàárín ìbéèrè yẹn àti ìdáhùn rẹ̀ ni ká jọ fara balẹ̀ wò.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí browser tó ṣí ojú-ewé. Compiler ti ka kíláàsì náà, ó sì ti so fọ́ńṣọ̀n kékeré kan mọ́ ọn, `ɵfac` lorúkọ rẹ̀. Fọ́ńṣọ̀n yìí mọ gbogbo ohun tí kíláàsì ń béèrè, ó sì mọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Á kọ́kọ́ gbà wọ́n wá, kó tó fi `new` ṣe nǹkan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ Ivy nìyí, ẹ̀rọ tí Angular ń lò láti version 9 tó jáde lọ́dún 2020.

Bí ojú-ewé ṣe ń dìde, Ivy ń to nǹkan sínú array méjì tó bára mu, àyè sí àyè. Èkíní ni `data` inú `TView`, tí gbogbo ẹ̀dà template kan jọ ń lò. Èkejì ni `LView`, tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Element tó bá ní directive ń gba àyè 9 nínú wọn. Nọ́ńbà ló wà nínú 8 àkọ́kọ́, bit 32 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 256. Nínú `LView`, àyè kẹsàn-án ló ń tọ́ka sí injector òbí (injector ni ohun tó ń pèsè ohun tí a béèrè).

Ohunkóhun tí element bá pèsè ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ bó ṣe ń dé: 0, 1, 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Angular á mú bit 8 tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà yẹn. Mẹ́ta tó ṣáájú nínú wọn ló ń yan àyè kan nínú 8. Márùn-ún tó kù ló ń yan bit kan nínú 32. Bit yẹn á di 1. Bit ti element fúnra rẹ̀ wà ní `TView`. Ti gbogbo àwọn òbí rẹ̀ ti para pọ̀ sínú `LView`.

Nígbà tí ìbéèrè bá dé, Angular á kọ́kọ́ wo bit, bí ọdẹ ṣe ń wo ipasẹ̀ ẹran kó tó wọ igbó. Bí ó bá jẹ́ 0, nǹkan náà kò sí níbẹ̀, kò sí àní-àní. Bí ó bá jẹ́ 1, ó ṣeé ṣe kó wà: nọ́ńbà 3 àti 259 ń lo bit kan náà, nítorí náà Angular gbọ́dọ̀ fi `===` yẹ àwọn ohun tí element pèsè wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Burton Bloom ló gbé ọgbọ́n wíwo bit yìí jáde lọ́dún 1970. Ohun tí element kankan kò pèsè rí, bíi `HttpClient` nígbà púpọ̀, kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà. Angular kò ní gun igi element nítorí rẹ̀ rárá.

Bí ó bá rí i, factory, ìyẹn fọ́ńṣọ̀n tó ń ṣe nǹkan náà, ló máa kọ́kọ́ bá nínú àyè rẹ̀ ní `LView`. Á sọ `resolving` di true, á pe factory, á sì fi ohun tó jáde rọ́pò rẹ̀ nínú àyè yẹn gan-an. Ẹni tó bá tún béèrè lẹ́yìn náà á bá a ní ṣíṣe. Bí ìbéèrè kan náà bá padà wá nígbà tí `resolving` ṣì jẹ́ true, àwọn nǹkan ti ń dúró de ara wọn yípo nìyẹn. Àṣìṣe NG0200 ló máa jáde.

Bí igi element kò bá ní in, ó di ọwọ́ `R3Injector`, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú Map. Service tó ní `providedIn: 'root'` kì í wà níbẹ̀ títí ẹnì kan fi béèrè rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìbéèrè á máa lọ láti injector kan sí òbí rẹ̀, títí dé `NullInjector` lókè pátápátá. Èyí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Bí wọn kò bá fún un ní ohun tí yóò fi rọ́pò, àṣìṣe NG0201 ni ìdáhùn rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà nínú `di.ts` àti `r3_injector.ts`. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Angular jẹun, ẹ ṣí wọn, kí ẹ sì kà wọ́n.