Wọn Ò Bi Bàbá Ní Ìbéèrè Kejì

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àdúgbò wa. Jáńkárà ni mo dàgbà sí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì débẹ̀ rí. Lọ́yà tí ò mọ iṣẹ́, wọ́n á ní lọ́yà Jáńkárà ni. Bàtà tó já lọ́jọ́ kejì tí wọ́n rà á, bàtà Jáńkárà ni. Èmi mọ̀ pé ẹni tó bá ń wá egbòogi gidi, ìlẹ̀kẹ̀ gidi àti aṣọ tó ṣe é gbé lọ òde, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Síbẹ̀ mo ti jókòó nínú kíláàsì níbi tí wọ́n ti ń fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹni tí ò débẹ̀ rí ni èébú ti ń dùn jù.

Mo rántí èyí nítorí pé àwọn kan wà ní ìlú Òyìnbó tí irú ẹ̀ ṣe. Wọ́n fẹ́ràn rélùwéè. Wọ́n á lọ dúró sí ìpẹ̀kun ibùdókọ̀ ojú irin, nínú òtútù, nínú òjò, wọ́n á máa kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó bá kọjá sínú ìwé. Trainspotter ni wọ́n ń pè wọ́n. Nítorí aṣọ òjò onífìlà tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń wọ̀, àwọn èèyàn sọ orúkọ aṣọ yẹn, anorak, di orúkọ wọn. Ní báyìí, tí o bá ti mọ nǹkan kan ní àmọ̀jù, ìbáà ṣe rédíò, ìbáà ṣe bọ́ọ̀lù, anorak ni ọ́. Aṣọ òjò lásán! Bí àdúgbò tiwa náà ṣe di èébú nìyẹn.

Eré yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ wèrè o. Lọ́dún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ian Allan ń ṣiṣẹ́ ní Southern Railway nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì pọ̀ débi pé ó sú u láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ló bá tẹ ìwé pélébé kan tí nọ́ńbà àwọn ẹ́ńjìnnì náà wà nínú rẹ̀. Ìwé yẹn tà, ó tẹ òmíràn, ó tún tẹ òmíràn. Bí àwọn ọmọdé ibẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fàlà sídìí nọ́ńbà tí wọ́n bá ti fojú ara wọn rí nìyẹn.

Bàbá àgbà mi ò gbọ́ orúkọ Ian Allan rí. Aṣọ ni wọ́n tà ní Jáńkárà títí ara ò fi gbé e mọ́. Wọn ò ṣiṣẹ́ rélùwéè lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n láti kékeré, bí wọ́n bá ti ráyè, wọ́n á gba orí afárá Carter kọjá sí Ìddó, wọ́n á lọ máa wo ọkọ̀. Ìwé mọ́kànlá ló wà nínú àpótí wọn, irú èyí tí a fi ń kọ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, iye wágọ̀nù tó fà, bóyá ó tètè dé àbí ó pẹ́. Nígbà míì wọ́n á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: “Ohùn fèrè rẹ̀ ti yí padà.” Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa, ẹ̀yin akéwì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2, àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan ń wá ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Ẹnìkan júwe ilé wa fún wọn. Mo wà níbẹ̀. Bàbá wọ agbádá, wọ́n ní kí n to ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá sórí tábìlì. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé. Ohun tó jáde ò tó ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀: “Bàbá, kí lẹ rí lára rélùwéè tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀ tó báyìí?” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó wù mí ni.” Ó parí! Wọ́n fi orin aláwàdà sí i lábẹ́. Wọ́n sún kámẹ́rà mọ́ ibi tí eyín ti yọ lẹ́nu Bàbá, wọ́n sún un mọ́ ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n lórí ẹ̀yìn ìwé. Ojú ewé kan ṣoṣo, wọn ò ṣí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè wọ́n ní Bàbá Fàkàfíkì. Bàbá ń dáhùn, wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ìwé kejìlá tí mo rà fún wọn, wọn ò kọ nǹkan kan sí i.

Mi ò kọ èyí láti fi bá oníròyìn kankan jà. Mo fẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ewì wò nínú ẹgbẹ́ wa: kí ló ṣe, ọ̀nà wo ló gbà ṣe é? Nígbà tí mo wá a kiri bí tẹlifíṣọ̀n níbòmíì ṣe ń ṣe àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè, mo rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni.

Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n dúró síta, kí wọ́n máa fi ẹni náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wa ló ti wo The Big Bang Theory ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, eré tí wọ́n ṣe láti 2007 sí 2019. Sheldon inú ẹ̀, onímọ̀ físíìsì, fẹ́ràn tírénì bí ẹ̀mí. Bó bá ti la ẹnu sọ tírénì báyìí, a ti mọ̀ pé ẹ̀rín dé. Ẹ kíyè sí i o: ohun tó ń sọ nípa tírénì kọ́ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, pípẹ́ tó pẹ́ lórí ẹ̀ ni. Àwọn tó kọ eré náà fi tírénì ṣe àmì pé ọkùnrin yìí ò tíì dàgbà, ẹ̀rín àwọn òǹwòran tí à ń gbọ́ sì ti sọ ohun tó yẹ ká ṣe fún wa. Mo fẹ́ràn Sheldon, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mo wò ó títí, mi ò kọ́ nǹkan gidi kan nípa tírénì.

Fíìmù kan tiẹ̀ wà tó gba orúkọ wọn pátápátá: Trainspotting, tí Danny Boyle darí lọ́dún 1996, láti inú ìwé Irvine Welsh. Àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn olóró sọ di ẹrú ní Edinburgh ni ìtàn náà dá lé. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó fi kíkọ nọ́ńbà ọkọ̀ ṣe eré. Fíìmù tó dáa ni, ẹ wá a wò. Àmọ́ lónìí, tí o bá dárúkọ eré àwọn arúgbó aláṣọ òjò yẹn, heroin ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n gbé wọ̀, bí wọ́n ṣe gbé orúkọ wa wọ lọ́yà.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹni tó wà nínú ẹ̀ fi ara ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1980, BBC ṣe ètò kan tó ń jẹ́ Great Railway Journeys of the World. Michael Palin, aláwàdà tí gbogbo ayé mọ̀, wọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Kyle of Lochalsh ní Scotland. Àkọlé tí wọ́n fún apá tiẹ̀ ni Confessions of a Trainspotter. Ìjẹ́wọ́! Bí ẹni tó jí adìẹ gbé. Ó gba ẹ̀ṣẹ̀ náà sọ́rùn kí ẹlòmíì tó kà á sí i lọ́rùn. Ọgbọ́n ni, nítorí pé a kì í fi ẹni tó ti fi ara ẹ̀ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín pẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé irú ọ̀nà yẹn láyé òde òní ni Francis Bourgeois, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó di gbajúmọ̀ lórí TikTok ní 2021. Ó so kámẹ́rà mọ́ orí ara ẹ̀, dígí kámẹ́rà náà ń sọ ojú ẹ̀ di rogodo, ọkọ̀ á fun fèrè, á bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. Lọ́dún 2022, Gucci àti The North Face fi í polówó aṣọ. Ayọ̀ ẹ̀ ń ràn mí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí kámẹ́rà kọjú sí: ojú èèyàn. Ọkọ̀ kàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Ọ̀nà kẹta ló mú mi lọ́kàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, NRK, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Norway, fẹ́ ṣàjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ojú irin tó so ìlú Bergen mọ́ Oslo. Wọ́n gbé kámẹ́rà síwájú ọkọ̀, wọ́n sì fi gbogbo ìrìn-àjò náà hàn, láti ibẹ̀rẹ̀ dópin, wákàtí méje ó lé. Òkè, yìnyín, ihò inú òkè tó dúdú kirikiri. Àwọn tó wo lára ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú ẹ̀ ò tó mílíọ̀nù márùn-ún nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè pé kí lẹ rí lára ẹ̀. Wọ́n fún òǹwòran ní ojú olùfẹ́ rélùwéè fún wákàtí méje, olúkúlùkù sì rí i fúnra ẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Ta ló ń bi oníjàálá pé kí ló rí lára erin? Ọdẹ mọ bí erin ṣe ń rìn, ó mọ ohun tó ń jẹ, ó mọ èyí tó yàtọ̀ lára rẹ̀ sí ẹfọ̀n, ó sì ń pe gbogbo ẹ̀ lóríkì. Àìmọye ọjọ́ ló fi wò ó kó tó rí i pè. A ò pe ìyẹn ní ìranù, ìmọ̀ ni a pè é, wọ́n sì ń fi í bi wá nínú ìdánwò. Bàbá náà ń wo, wọ́n ń mọ ìyàtọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Oríkì gan-an sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Láti ìparí àwọn ọdún 1940, Nigerian Railway gba àwọn ẹ́ńjìnnì olóoru kan tí wọ́n pè ní River class. Orúkọ odò ni wọ́n fi sọ wọ́n. Nígbà tí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún àwọn, orúkọ ẹ̀yà làwọn fi sọ tiwọn. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ orúkọ odò, tó ń mu omi, tó ń yọ èéfín! Ká ní wọ́n bi Bàbá ní ìbéèrè kejì péré, ká ní wọ́n ní “Bàbá, èwo lẹ kọ́kọ́ rí?”, odò ni yóò máa ṣàn lẹ́nu wọn.

Ìbéèrè kejì ì bá tún mú ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó jáde. Gbogbo ariwo 2023 dà bíi pé ọkọ̀ ojú irin ò wọ Erékùṣù Èkó rí. Irọ́ ni. Lọ́dún 1902 ni tíráàmù olóoru bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Carter láti Ìddó wọ ìlú, lọ sí Marina. Ó gbé èrò, ó gbé ẹrù. Nígbà tó yá, ojú irin yẹn kan náà ni wọ́n fi ń kó ìgbẹ́ ìlú, iṣẹ́ agbépòó. Ọdún 1933 ni wọ́n pa á tì. Bàbá ò bá a láyé, ṣùgbọ́n bàbá tiwọn rí i, ó sì sọ fún wọn. Odindi ojú ewé mẹ́rin ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé kẹta. Ìwé yẹn ló wà lábẹ́ ọwọ́ tí wọ́n yà ní fọ́tò.

Ẹ má sì rò pé Bàbá nìkan ni. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ló tún Jaekel House ṣe ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ilé ọdún 1898 ni, wọ́n parí àtúnṣe ẹ̀ ní 2010, àwọn ohun ìrántí rélùwéè ló sì wà nínú ẹ̀. Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ilé náà kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní apá mẹ́ta, ó jáde ní 1997. Apá mẹ́ta! Ìfẹ́ ló ń kọ irú ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ka èyí kí n tó fi sílẹ̀. Ó ní mò ń fẹ́ iyọ̀ nínú omi, pé ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fún ìròyìn, kì í ṣe wákàtí méje ti Norway. Ó ní ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Bàbá fúnra wọn, aláwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo bi í pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni wọ́n fi ń ṣí ìwé? Mẹ́ta. Orin aláwàdà yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní ẹ̀bi tèmi. Nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Orin yẹn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Bàbá yíjú wò mí, wọ́n tún yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi tí mò ń ka ìró ohùn lórí ìka, tí àwọn ará ilé ń bi pé kí ni mo rí lára ewì!

Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi tó kọjá, mo bi wọ́n. Mo ní, “Bàbá, èwo lẹ kọ́kọ́ rí?” Wọ́n ní, “Ta ló rán ọ?” Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé àpótí wá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi mú iná lọ, wọn ò dúró, èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì sórí ìwé.

Ìwé kejìlá ṣì ṣófo. Ẹ̀yin tí ẹ máa di kámẹ́rà mú lọ́la, tí ẹ bá dé Jáńkárà, ẹ rẹ́rìn-ín tí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé náà.